Bíṣọ́ọ̀bù Ullathorne Láàárín Àwọn Ẹlẹ́wọ̀n Òkè Òkun

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti gbọ́ orúkọ Kádínà Newman, ẹni tí Ìjọ Mímọ́ kà mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní ọdún 2019. Díẹ̀ nínú yín ni ó mọ orúkọ bíṣọ́ọ̀bù tí Newman wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìlú Birmingham fún nǹkan bí ogójì ọdún. William Bernard Ullathorne ni ó ń jẹ́. Àwọn Kátólíìkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bọlá fún un nítorí ipa tí ó kó nígbà tí Pápà Pius Kẹsàn-án dá ipò bíṣọ́ọ̀bù padà sí ilẹ̀ wọn ní ọdún 1850. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Birmingham ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí kí ó tó pé ẹni ọdún márùndínlógójì, nígbà tí ó jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run láàárín àwọn arúfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ kó lọ sí ilẹ̀ Ọsirélíà.

Ọjọ́ keje Oṣù Karùn-ún ọdún 1806 ni a bí i ní Pocklington, ìlú kékeré kan ní ìgbèríko Yorkshire. Oníṣòwò ni baba rẹ̀. Ó wà ní ọmọdé nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Scarborough létí òkun, ibẹ̀ ni ọkàn ọmọ náà sì ti kúrò nínú ìwé, tí ó lọ sínú ọkọ̀. Kò ju bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ tí ó fi wọ ọkọ̀ ojú omi gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀ àwọn atukọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá nílé, ẹ rò ó wò. Ó tó ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ tí ó fi wà lójú òkun láàárín àwọn ọkùnrin tí ẹnu wọn kò mọ́, kò sì sí ẹni tí ó ń rán an létí àdúrà.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọkọ̀ rẹ̀ wà ní èbúté Memel, ìlú tí a ń pè ní Klaipėda ní ilẹ̀ Lithuania lónìí. Igbákejì ọ̀gá ọkọ̀, tí a tọ́ ní Kátólíìkì, mú un lọ sí Mísà. Níbẹ̀ ni ó ti bá àwọn mẹ̀kúnnù lórí ìkúnlẹ̀ wọn, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì, tí wọ́n ń kọ Lítánì Ìyá Ọlọ́run ní èdè tí òun kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó padà sílé, ó ní òkun ti tó òun. Ní ọdún 1823 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn mọ́ńkì Benedict Mímọ́ ní Downside. Ní ọdún 1824 ó gba aṣọ wọn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Bernard. Ní ọdún 1831 ó di àlùfáà. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n ń wá àlùfáà tí yóò lọ sí Ọsirélíà, ọmọ atukọ̀ àtijọ́ sì gbà láti tún wọ ọkọ̀.

Kí a tó bá a dé ibẹ̀, ó yẹ kí n ṣàlàyé irú ibi tí ibẹ̀ jẹ́. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ayé ìgbà náà le púpọ̀. Títí di ọdún 1832, wọ́n lè yẹgi fún ẹni tí ó jí àgùntàn. Bí adájọ́ kò bá sì fẹ́ pa arúfin, ohun tí ó sábà máa ń ṣe ni pé kí ó lé e kọjá òkun fún ọdún méje, tàbí ọdún mẹ́rìnlá, tàbí títí ayé rẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó wọn lọ. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gba òmìnira, ọ̀nà ibẹ̀ dí, ọgbà ẹ̀wọ̀n kún, ìjọba sì ń kó ẹlẹ́wọ̀n sínú àwọn ògbólógbòó ọkọ̀ tí kò lè rìn mọ́, tí wọ́n so mọ́ ojú kan lórí odò. Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 1787 ọkọ̀ mọ́kànlá ṣí láti Portsmouth, wọ́n sì gúnlẹ̀ ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1788 sí ibi tí ìlú Sydney wà lónìí. Ilẹ̀ náà ní olúwa rẹ̀. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ayébáyé, kò sì sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1868, nǹkan bí 162,000 ènìyàn ni wọ́n kó lọ, ọkùnrin, obìnrin, àti ọmọdé pàápàá. Olè kéékèèké láti ìgboro ni púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀kẹ́ àìmọye sì wá láti Áílándì, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn wọ̀nyí sì jẹ́ Kátólíìkì bí tiwa.

Ẹ lè bi mí pé, èyí kò ha jọ òwò ẹrú tí a fi kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Brazil àti Cuba ní àkókò kan náà? Ó jọ ọ́ lápá kan, kò jọ ọ́ lápá kejì. Ẹni tí a tà kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, a kò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kò ní ọjọ́ ìdásílẹ̀, ọmọ rẹ̀ a sì di ẹrú bí i tirẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ọjọ́ tí ìyà wọn yóò parí, ọmọ tí wọ́n bá sì bí, ọmọ òmìnira ni. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́wọ̀n bá ti dé ọ̀hún, wọn a fi í fún àgbẹ̀ tàbí ọlọ́sìn àgùntàn kan kí ó máa sìn ín láìgba owó. Bí ó bá gbójú sí ọ̀gá rẹ̀, adájọ́ a ní kí wọ́n nà án ní pàṣán olókùn mẹ́sàn-án, àádọ́ta ìgbà, tàbí ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí a bá nà bẹ́ẹ̀ kì í gbàgbé.

Fún ọdún púpọ̀, àwọn Kátólíìkì ibẹ̀ kò ní àlùfáà. Wọ́n ń fi ipá mú wọn lọ sí ìsìn àwọn Pùròtẹ́sítáńtì. Ní ọdún 1803 Gómìnà gbà kí Fadá James Dixon, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n láti Áílándì, máa rú Ẹbọ Mísà ní gbangba. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ará Áílándì dìtẹ̀ ní ọdún 1804, Gómìnà gba àṣẹ náà padà. Ní ọdún 1818 wọ́n lé Fadá O'Flynn kúrò nílùú nítorí pé kò gba ìwé àṣẹ ìjọba kí ó tó wá. Àwọn Kátólíìkì Sydney a máa sọ ọ́ títí di òní pé ó fi Ara Olúwa sílẹ̀ nínú ilé ọ̀kan nínú wọn, àti pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn òmìnira ń péjọ síbẹ̀ láti gbàdúrà. Ọdún 1820 ni Fadá Therry àti Fadá Conolly dé pẹ̀lú àṣẹ ìjọba. Conolly kọjá sí erékùṣù tí a ń pè ní Tasmania lónìí, Therry sì dá nìkan kù sí Sydney, ó ń gun ẹṣin kiri tọ̀sán tòru láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń kú kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún Oṣù Kejì ọdún 1833, Ullathorne gúnlẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ojú rẹ̀ sì kéré ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ fi í ṣe aṣojú bíṣọ́ọ̀bù lórí gbogbo àlùfáà ilẹ̀ náà, títí kan Therry tí ó fi ọdún mẹ́rìndínlógún jù ú lọ, tí ó sì ti jìyà níbẹ̀ fún ọdún méjìlá. Ẹ mọ bí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ti máa ń rí láàárín ènìyàn. Therry ka ìwé náà, ó sì fi ara rẹ̀ sábẹ́ àṣẹ ọmọdékùnrin náà láìjiyàn. Mo fẹ́ kí a yìn ín fún èyí.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Gómìnà rán Ullathorne lọ sí Erékùṣù Norfolk, ibẹ̀ sì ni ayé rẹ̀ ti yí padà. Norfolk wà nínú agbami, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún máìlì kan sí Sydney. Ẹni tí ó bá wò ó láti inú ọkọ̀ yóò rò pé ọgbà Édẹ́nì ni: igi páìnì gíga gíga, koríko tútù, òkè kéékèèké. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1825 ìjọba ti yà á sọ́tọ̀ fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n tún rú òfin lẹ́yìn tí wọ́n dé Ọsirélíà. Ẹ̀wọ̀n àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn lẹ́nu iṣẹ́, pàṣán kò jìnnà sí ẹ̀yìn wọn, kò sì sí àlùfáà kankan.

Ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1834 ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n Norfolk dìtẹ̀. Wọ́n fẹ́ gba erékùṣù náà kí wọ́n sì sá lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun borí wọn. Adájọ́ Burton wá láti Sydney, ó sì dá ẹjọ́ ikú fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn Kátólíìkì bẹ adájọ́ pé, nítorí ìgbàlà ọkàn òun adájọ́ fúnra rẹ̀, kí ó má jẹ́ kí àwọn kú láì rí àlùfáà. Ẹ̀bẹ̀ náà wọ Burton lára, ó sì dá ikú náà dúró títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé ọ̀dọ̀ Gómìnà. Gómìnà àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ní kí a yẹgi fún mẹ́tàlá, kí a sì dá ẹ̀mí àwọn yòókù sí. Wọ́n rán Ullathorne lọ fún àwọn Kátólíìkì, wọ́n sì rán àlùfáà Áńgílíkà kan pẹ̀lú rẹ̀ fún àwọn Pùròtẹ́sítáńtì.

Ní Oṣù Kẹsàn-án ni ọkọ̀ wọn dé. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà kò tíì mọ ẹni tí yóò kú àti ẹni tí yóò yè, Ullathorne ni ó sì kó ìròyìn náà wọ inú yàrá wọn. Inú yàrá ṣókùnkùn, ooru mú, àwọn ọkùnrin kún inú rẹ̀. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ ìtùnú díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tí wọn yóò kú. Bí ó ti ń pe orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó pè ń kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé a ti yọ wọ́n kúrò ní ibẹ̀. Àwọn tí a dá ẹ̀mí wọn sí dúró bí odi, ẹkún sì ń gbọ̀n àwọn kan nínú wọn.

Ẹ̀yin ará, àwọn baba wa máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Nígbà tí a bá sọ ọ́, ẹni tí ó ní ọlá tí kò fẹ́ kí ó bàjẹ́ ni a ní lọ́kàn. Àwọn wọ̀nyí kò ní ọlá kankan mọ́ tí ẹnikẹ́ni lè bà jẹ́. Àwa àlùfáà a máa jókòó ti ẹni tí ń kú, a sì mọ bí ẹ̀rù ikú ti rí lójú ènìyàn. Ní Norfolk, ìyè ni ó ń ba àwọn ẹlẹ́wọ̀n lẹ́rù, Ullathorne kò sì rí irú rẹ̀ rí. Ó sọ nígbà tí ó dàgbà pé kò sí ohun tí ó burú tó èyí nínú gbogbo ohun tí òun ti fojú rí.

Ó lo àwọn ọjọ́ tí ó kù pẹ̀lú àwọn tirẹ̀ nínú yàrá wọn. Ó kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé. Ó gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn, ó sì gbàdúrà pẹ̀lú wọn. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi yẹgi fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá. Wọ́n kú láìbú ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ń gbàdúrà.

Ohun kan tún wà tí ó ṣàkíyèsí níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n Norfolk ti dojú ọ̀rọ̀ délẹ̀. Ẹni tí ó burú jù láàárín wọn ni wọ́n ń pè ní ènìyàn rere. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kí ó sì pa òfin mọ́ ni wọ́n ń pè ní ènìyàn búburú. Nígbà tí ìjìyà bá ti dé ibi tí ó ti yí orúkọ rere àti búburú padà lẹ́nu ènìyàn, kí ni a tún lè retí pé kí ó tún ṣe nínú rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni Ullathorne gbé padà lọ sí Sydney. Ẹ kíyè sí i pé ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1834 yìí kan náà ni òfin tí ó fòpin sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù ń yọ̀ lórí èyí. Kò tíì sí ẹni tí ó sọ ti Norfolk fún wọn.

Ní ọdún 1835 Bíṣọ́ọ̀bù Polding dé, ẹni tí ó ti kọ́ Ullathorne ní Downside. Àwọn méjèèjì ṣètò pé bí ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n bá ti dé, kí a jọ̀wọ́ àwọn Kátólíìkì inú rẹ̀ fún wọn fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó pín wọn fún ọ̀gá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn ni wọ́n ń kọ́ wọn, tí wọ́n sì ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ náà pọ̀ ju àlùfáà tí ó wà lọ, nítorí náà Polding rán Ullathorne padà sí Yúróòpù láti wá òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1837 ó tẹ ìwé kan jáde lórí iṣẹ́ Ìjọ Kátólíìkì ní Ọsirélíà, ó sì sọ gbogbo ohun tí ó rí sínú rẹ̀. Ó dé Róòmù, ó jábọ̀ fún Pápà Gregory Kẹrìndínlógún. Ní Oṣù Kejì ọdún 1838, ìgbìmọ̀ kan tí Ilé Aṣòfin yàn, tí Sir William Molesworth jẹ́ alága rẹ̀, pè é láti jẹ́rìí lórí ìkólọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ó dúró níwájú wọn, ó sì sọ ti yàrá Norfolk.

Ó tún ṣe ohun kan. Ní Áílándì, àwọn tálákà ti ń gbọ́ pé ẹni tí a bá kó lọ sí Ọsirélíà a máa rí oúnjẹ jẹ, a sì máa lówó nígbẹ̀yìn. Àwọn kan tilẹ̀ ń fẹ́ kí a kó àwọn náà lọ. Thomas Drummond, òṣìṣẹ́ àgbà ìjọba ní Dublin, bẹ Ullathorne kí ó kọ ìwé pélébé kan tí yóò la àwọn ènìyàn lójú. Ó kọ ọ́ ní ọdún 1838. Kò fi ohunkóhun pamọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì pín in kiri.

Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1838 ó padà dé Sydney pẹ̀lú àwọn àlùfáà àti àwọn Sísítà márùn-ún láti Áílándì, àwọn Sísítà àkọ́kọ́ tí ó tẹ ilẹ̀ Ọsirélíà. Ó rò pé wọn yóò fi ayọ̀ gbà á. Ìwé rẹ̀ àti ẹ̀rí rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ìlú bínú. Ìwé ìròyìn ń bú u lójoojúmọ́, àwọn tí wọ́n ń kí i tẹ́lẹ̀ yí ojú kúrò. Àwọn ọlọ́rọ̀ bínú nítorí pé wọn kò fẹ́ pàdánù iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ẹlẹ́wọ̀n ń ṣe fún wọn; ìbínú ti àwọn yìí kò jẹ́ nǹkan kan lójú mi. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà. Àwọn kan ti jẹ ìyà wọn tán, wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti bímọ, wọ́n ti fi kọ́bọ̀ wọn ran ilé Ọlọ́run lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́ pé àlùfáà tiwọn lọ dúró ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé ìlú ẹ̀ṣẹ̀ ni ìlú wọn. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Wọ́n rò pé ohun tí ó ṣe gan-an nìyẹn.

Mo ti rò ó títí, n kò sì lè sọ pé wọn kò ní ẹjọ́ rò. Ullathorne kọ̀wé bí oníwàásù tí ó fẹ́ kí àwọn tí ń gbọ́ ọ wárìrì. Ó ya ìlú náà dúdú, kò sì fi àyè tí ó tó sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n yí padà, tí wọ́n sì pọ̀. Àwọn òpìtàn tí ó dé lẹ́yìn ti fi hàn pé Molesworth ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀ kí ó tó pe ẹlẹ́rìí kankan, àti pé ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n di ènìyàn pàtàkì ní ilẹ̀ náà. Ìyà tí ó jẹ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní ọwọ́ àwọn tí ó gba ilẹ̀ wọn kò sì ká àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà lára tó bí ó ti yẹ. Síbẹ̀, bí Ullathorne bá dákẹ́ nítorí ìtìjú àwọn ará Sydney, ta ni yóò sọ ti àwọn tí ó wà ní Norfolk? Wọn kò ní ìwé ìròyìn. Wọn kò ní ilé ní ìgboro. Àlùfáà tí ó gbọ́ ìjẹ́wọ́ wọn kò lè sọ ẹ̀ṣẹ̀ wọn fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó lè sọ ìyà wọn, ó sì sọ ọ́.

Ní ọdún 1840 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí kíkó ẹlẹ́wọ̀n lọ sí Sydney àti agbègbè rẹ̀. Kì í ṣe Ullathorne nìkan ni ó ṣe é. Ìgbìmọ̀ Molesworth pọ̀ ní ẹlẹ́rìí, àwọn òṣìṣẹ́ òmìnira sì ti ń wọ ilẹ̀ náà wá. Wọn kò sì pa àṣà náà rẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà. Tasmania ń gba ẹlẹ́wọ̀n títí di ọdún 1853, àwọn tí ó kẹ́yìn sì gúnlẹ̀ ní Fremantle, ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1868. Ní Norfolk fúnra rẹ̀, Gómìnà rán ọ̀gá tuntun kan tí ń jẹ́ Maconochie lọ ní ọdún 1840. Ó gbà kí ẹlẹ́wọ̀n máa fi iṣẹ́ àti ìwà rere dín ọjọ́ ìyà rẹ̀ kù, nǹkan sì tutù díẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1844 wọ́n mú un kúrò, wọ́n sì tún gbé pàṣán.

Àwọn Sísítà márùn-ún tí Ullathorne kó wá lọ sí Parramatta, níbi tí wọ́n ń kó àwọn obìnrin ẹlẹ́wọ̀n sí. Wọ́n ń wọlé tọ̀ wọ́n lọ, wọ́n ń kọ́ wọn, wọ́n sì ń tọ́jú aláìsàn. Ní tèmi, èyí tó gbogbo ìwé tí ó kọ. Òun fúnra rẹ̀ ti rẹ̀, ìbúni náà sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ní ìparí ọdún 1840 ó bá Polding wọ ọkọ̀ lọ sí Yúróòpù, kò sì padà mọ́. Wọ́n fi oyè bíṣọ́ọ̀bù lọ̀ ọ́ fún àwọn ìlú kan ní Ọsirélíà, ó kọ̀. Ó fẹ́ jẹ́ àlùfáà lásán, wọ́n sì fún un ní ìjọ kan ní Coventry. Ní ọdún 1846 wọn kò jẹ́ kí ó kọ̀ mọ́; wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù, ní ọdún 1850 ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Birmingham.

Ó kọ́ ilé ìsìn púpọ̀, ó lọ sí Ìgbìmọ̀ Vatican ti ọdún 1869 sí 1870, ó sì bá Newman ṣe pọ̀ pẹ̀lú sùúrù ní ìgbà tí àwọn mìíràn ń fura sí Newman. Ní ọdún 1866, nígbà tí ó ti di ẹni ọgọ́ta ọdún, ó tún kọ ìwé kan lórí bí ó ti yẹ kí a máa tọ́jú àwọn arúfin. Ó fi ipò sílẹ̀ ní ọdún 1888. Ó kú ní Oscott ní ọjọ́ kọkànlélógún Oṣù Kẹta ọdún 1889, tí í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún Benedict Mímọ́ baba rẹ̀, wọ́n sì sin ín sí ilé àwọn Sísítà Dominic Mímọ́ ní ìlú Stone.